Ẹ̀rọ Ìṣirò àti Ìdájọ́ Àgbà

Ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ará Kàbà, a ń béèrè lónìí pé: kọ̀ǹpútà ha lè mọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí?

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èso 8 ni ó ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa ṣí tàbí kí ó dojú dé. Nítorí náà ni odù fi jẹ́ 256. Bí a bá to òdo àti oókan ní ipò 8 nínú kọ̀ǹpútà, 256 náà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n odù nìkan kò tó: babaláwo yóò ki ẹsẹ púpọ̀, ẹni tí ó wá béèrè ni yóò sì mú èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ rí. Òfin wí pé kí onígbèsè san gbèsè; opó kan jẹ gbèsè; ìṣirò wí pé kí ó san án. Àgbà wo oko rẹ̀, ó ní kí ó di ìgbà ìkórè. Ẹ̀rọ ìgbà yìí lè dá irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá wọ́, ìjòyè ni ìlú yóò pè wá jíhìn, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Kí ẹ̀rọ máa ṣírò. Kí àgbà máa dájọ́.