Òkèlè Kékeré, Ọbẹ̀ Púpọ̀: Oúnjẹ Ojoojúmọ́ Ẹni Tó Ní Ìtọ̀ Ṣúgà

Orí àwo oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá dá lé, ṣùgbọ́n ó kan ojú, ẹsẹ̀, kíndìnrín àti ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa. Iṣu ni iyán, iṣu gbígbẹ ni ọkà, àgbàdo ni ẹ̀kọ, àgbàdo náà ni gúgúrú. Kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí ẹran, kò sí ẹ̀fọ́. Ohun tó ń kún ikùn nìkan ni a kà sí oúnjẹ. Ọbẹ̀ àti ohun inú rẹ̀, a kà wọ́n sí ohun tí a fi ń ti òkèlè lọ́fun. Ẹni tó ń kọ ebè láti àárọ̀ dalẹ́ lè jẹ bẹ́ẹ̀, kó sì lo gbogbo rẹ̀ tán lóko. Ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì tàbí ìsọ̀, tó ń wọ ọkọ̀ lọ tó ń wọ ọkọ̀ bọ̀, tí dókítà sì ti sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, kò lè jẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí mo wá sọ ni pé kí ọbẹ̀ di oúnjẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí òkèlè sì di ohun tí a fi ń jẹ ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Lọ́dún 1797, John Rollo, dókítà àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde nípa ọ̀gágun kan tó ní àìsàn yìí. Ó dín oúnjẹ oníhóró rẹ̀ kù, ó fún un ní ẹran àti ọ̀rá, ṣúgà inú ìtọ̀ rẹ̀ sì dínkù. Títí Banting àti Best fi rí ínsúlínì ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 1921, oúnjẹ nìkan ni àwọn dókítà ní lọ́wọ́. Nígbà tí oògùn dé, a dúpẹ́ pé ó dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ di ohun tí wọ́n ń sọ ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà wá kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé nínú gbogbo ètò oúnjẹ, dídín oúnjẹ afáralókun, ìyẹn sítáàṣì àti ṣúgà, kù ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jùlọ pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Kí ló fà á? Sítáàṣì, yálà ti iṣu, ti ẹ̀gẹ́, ti ìrẹsì tàbí ti búrẹ́dì, gúlúkóòsì tí a so pọ̀ mọ́ra ni. Bí òkèlè bá ti dé inú ìfun, oje inú ìfun á tú u palẹ̀, gúlúkóòsì á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ń ṣe, ló ń jẹ́ kí ẹran ara gbà á wọlé. Nínú àtọ̀gbẹ irú kejì, ara kì í dá ínsúlínì lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ̀yà ara tó ń ṣe é á sì máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà á wá dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á máa ba àwọn iṣan tín-ín-tín inú ojú, inú kíndìnrín àti ti ẹsẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí n kì í yé gbọ́: “Láti aago méje alẹ́ àná, n kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Báwo ni ṣúgà mi ṣe ga láàárọ̀ yìí?” Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, ó sì máa ń ṣe tuntun lóru kí ebi má bàa pa ọpọlọ. Ínsúlínì ló yẹ kó sọ fún un pé ó tó. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún inú rẹ̀ kì í gbọ́. Metformin tí ọ̀pọ̀ yín ń lò, ẹ̀dọ̀ yìí gan-an ló ń bá wí. Nítorí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ yìí ni ìsanra inú ikùn fi jẹ́ ara ọ̀rọ̀ wa. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Scotland àti agbègbè Tyneside ní England, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, èèyàn 306 ni wọ́n kó jọ. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ díẹ̀ gan-an fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún kí wọ́n lè fọn, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣúgà wọn padà sí ibi tó yẹ láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì wà lábẹ́ àmójútó, nítorí náà n kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ febi pa ara rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé àìsàn yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ ju bí wọ́n ṣe sọ fún àwọn òbí wa lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú bí a ṣe ń gba aláìsàn níyànjú nílẹ̀ yìí ni pé àwọ̀ òkèlè la máa ń pààrọ̀ fún un. Wọ́n á ní kó fi ẹ̀bà sílẹ̀, kó máa jẹ àlìkámà. Wọ́n á ní kó fi iyán sílẹ̀, kó máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n á ní kó fi ìrẹsì funfun sílẹ̀, kó máa jẹ ọ̀fadà. Aláìsàn á lọ sílé, á ro àlìkámà tó ga bí ẹ̀bà àná, á jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé oògùn lòun jẹ. Lóòótọ́, ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú máa ń rọra jáde ju ti iṣu lọ, èèpo ara ọ̀fadà sì ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ni gbogbo wọn, bí ó bá sì ti pọ̀, ó ti pọ̀ náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyin tí wọ́n ní kì í ṣe ṣúgà. Ṣúgà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀bà. Gàrí gbígbẹ 100 gíráàmù, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ní gbà pé àwọn yó bí a bá fi tẹ ẹ̀bà fún wọn, sítáàṣì inú rẹ̀ lé ní 80 gíráàmù. Ṣíbí ìpotíì kan tó kún fún ṣúgà jẹ́ gíráàmù mẹ́rin. Ogún ṣíbí nìyẹn. Kò sí aláàtọ̀gbẹ tó máa da ogún ṣíbí ṣúgà sínú tíì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Dókítà David Unwin, tó ń tọ́jú aláìsàn ní Southport, England, ti ya irú ìṣirò yìí sára páálí fún àwọn aláìsàn rẹ̀: ìrẹsì sísè 150 gíráàmù bá ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá dọ́gba. Iṣu sísè 100 gíráàmù ní nǹkan bí 27 gíráàmù afáralókun. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sísè tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí mẹ́rin péré. Ẹyin kan kò ní tó gíráàmù kan, ẹja àti ẹran kò sì ní rárá. Ètò oúnjẹ tí wọ́n bá sì ń pè ní afáralókun díẹ̀, kì í ju 130 gíráàmù lọ láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀bà kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìyá olóúnjẹ nígbà tó bá ń bu àmàlà. Á ti ìgbakọ bọ inú kúlà lẹ́ẹ̀mẹta, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ ojú àmàlà nínú abọ́, á da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, á ju ẹran kan sí i, ó parí. Ẹ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ìgbakọ kan péré. Ẹ bu ewédú kún un, ẹ fi ẹja méjì sí i.” Á wojú yín, á ní, “Ṣé ìyẹn á yó yín?” Á yó yín, nítorí ẹja àti ẹ̀fọ́ kì í tètè dà nínú. Owó ìgbakọ méjì tí ẹ kò jẹ, ẹ fi kún owó ẹja.

Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ náà ṣe pàtàkì. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni í fi ẹran sílẹ̀ di ìparí oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹran kó tó jẹ òkèlè, wọ́n á ní ọlọ́kánjúà ni. Àwọn olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Weill Cornell ní New York fún àwọn aláàtọ̀gbẹ mọ́kànlá ní oúnjẹ kan náà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó jẹ búrẹ́dì, ṣúgà wọn kò ga tó ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì. Mọ́kànlá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ná wa ní nǹkan kan láti dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́ inú abọ́ yín, kí òkèlè tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní ọlọ́kánjúà.

Oúnjẹ àárọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, èèpo àgbàdo tó lè dá ṣúgà dúró díẹ̀, inú èèrí ló ń lọ, èèrí náà sì ń lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ohun tó kù sínú ògì ni sítáàṣì kíkúnná tó ń sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, a tún wá ń fi ṣúgà sí i. Ẹyin pẹ̀lú ẹ̀fọ́ gbúre sàn jù bẹ́ẹ̀. Wàrà dára. Ẹ̀wà ní sítáàṣì, a kò gbọdọ̀ tan ara wa, ṣùgbọ́n ó ní amáradàgbà tó ń jẹ́ kó rọra wọlé; mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja kan láìsí ẹ̀kọ tó oúnjẹ. Ní ti ohun mímu, mínírà, mọ́ọ̀tì àti omi èso inú páálí, kí wọ́n kúrò nílé aláàtọ̀gbẹ pátápátá, àyàfi èyí tí a ó tọ́jú pamọ́ fún ohun tí mo máa sọ láìpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé olówó ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé gàrí ló ń yó tálákà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹ lọ máa ra ohun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Ẹyin, ṣáwá, panla, ẹ̀pà, ìgbá, ilá, ewédú: ọjà wa ni gbogbo wọn wà. Pọ̀nmọ́ kò ní sítáàṣì, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹja. Ohun tó ń dùn mí jowó lọ ni bí a ṣe ń pín ẹran. Mo ti rí ìyá àgbà tó ní àìsàn yìí, tó ń yọ ẹran inú abọ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wá ń fi ẹ̀bà dí àyè rẹ̀. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló ń fi tọrẹ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe gba ẹran yẹn.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà kò nílò kí n máa bá a jiyàn. Kó wọn ṣúgà rẹ̀ kó tó jẹun, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó jẹ ìgbakọ mẹ́ta àti lọ́jọ́ tó jẹ ẹyọ kan, pẹ̀lú ọbẹ̀ kan náà. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, a fẹ́ kó wà láàárín 80 sí 130 mg/dL kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 lẹ́yìn oúnjẹ. Ní ti àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ jẹ́nótáípù yín. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin nílẹ̀ wa ló jẹ́ AS, àyẹ̀wò náà sì lè fi tiwọn hàn bíi pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Fún ẹni tó jẹ́ SS, kò ṣe é gbára lé rárá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé fún àwọn tó ń se oúnjẹ fún aláìsàn nìyí. Bí ẹ bá dín òkèlè kù, tí oògùn kò sì dínkù, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń lo ínsúlínì, tàbí glibenclamide tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tàbí glimepiride, kó lọ rí dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe. Ẹni tó ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin kò gbọdọ̀ fi òkèlè sílẹ̀ pátápátá láìsọ fún dókítà, nítorí ásíìdì lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ṣúgà kò tíì ga rárá. Aboyún àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu náà, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Bí ọwọ́ ẹni náà bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ẹ̀rọ bá fi iye tí kò tó 70 mg/dL hàn, ẹ po ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́rin sínú omi fún un, tàbí kí ẹ fún un ní ìdajì ife mínírà tí ẹ tọ́jú pamọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún wọ̀n ọ́n, bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.