Onígòjé Ni Ìtumọ̀ Crowther



Gbogbo wa la mọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Àjàyí kò ní àwíjàre: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Crowther ni mo fẹ́ sọ, torí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí pé orúkọ olówó ẹrú ni. Rárá o.

Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní oṣù Kẹrin 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí ọkọ̀ Potogí, wọ́n gbé e dé Freetown. Nígbà tó ṣèrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, wọ́n fi orúkọ àlùfáà Samuel Crowther, ti ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Newgate, Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ́.

Lápá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire ni orúkọ Crowther ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ ló bí i, bí iṣẹ́ ìlù ṣe bí Àyándélé àti Àyánwálé nílé tiwa. Crowther ni ẹni tó ń ta crwth, ohun èlò orin àwọn ará Wales. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe ara rẹ̀. Okùn mẹ́fà ló ní. Irun ẹṣin tí wọ́n fà sára ọ̀pá ni wọ́n fi ń ha mẹ́rin, àtàǹpàkò òsì a sì máa ta méjì tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi kékeré tó gbé okùn ró ní ẹsẹ̀ gígùn kan tó gba ihò wọnú, tó lọ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ látinú. Ẹni tó bá ti rí gòjé rí á mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Crwth kan tí wọ́n ṣe ní 1742 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans, lẹ́bàá Cardiff. Ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ẹni tó ń jẹ́ onígòjé yìí ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Òun náà ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa ni pé kí a ṣí ìwé kan fún orúkọ ìdílé wa: Macaulay, Cole, Johnson ti àwọn Sàró tó ti Freetown padà wálé, Pereira àti da Silva ti àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀. Ta ló fún baba ńlá yín ní orúkọ rẹ̀? Níbo ni? Àwọn ìyá àgbà tó lè dáhùn jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Kí akọ̀wé lọ bá wọn kí a tó tú ká.