Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Òfuurufú Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ Ṣírò Rẹ̀ Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Yáwó

(Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ifẹ̀wàrà)

 

Nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó tí mo ń yẹ̀ wò, mo ń rí owó tí òbí yá láti fi rán ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èyí kò burú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò tààrà láti Èkó lọ sí Gatwick, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì dín owó tiwọn kù. Ìdíje ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ síwájú tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ tààrà jẹ́ ₦1,000,000, ó gba àpótí méjì. Èkejì, tó ń yà lọ́nà, jẹ́ ₦850,000, àpótí kan ni ó gbà. Owó àpótí kejì, ₦120,000. Físà pẹ́, a yí ọjọ́ padà, ₦100,000. Ó di ₦1,070,000, a kò tíì ka oúnjẹ àti ibi tí ọmọ yóò sùn lọ́nà.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ tí mo ń bẹ̀ wò yáwó ra irú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹni tó tà á fún un so pọ̀, ìyá kò mọ̀. Ọkọ̀ kìíní pẹ́, èkejì kò dúró. Wọn kò dá kọ́bọ̀ padà. Ó wá ra òmíràn. Gbèsè náà wọ àwọn onídùúró rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú wọn kò rí ẹ̀yáwó gbà ra oògùn kòkó lọ́dún náà. Owó tí ọmọ kan pàdánù lójú ọ̀run, oko ẹlòmíràn ló san án.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni títí dé òpin ìrìn-àjò? Èkejì, èló ni àpótí àti ìyípadà ọjọ́, kí ó wà lákọsílẹ̀? Ẹ̀kẹta, ṣé físà ti jáde kí a tó sanwó?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìfẹ́ ọmọ kò ní kí á má ṣírò.