Ẹlẹ́rìí Tó Wà Láàárín Èrò: Ìrántí Àwọn Tó Wo Olórin Rọ́ọ̀kì Láàárín 1960 sí 1969

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí irú ẹlẹ́rìí kan tí àwọn òpìtàn kì í fẹ́ gbà lẹ́nu: ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó dúró láàárín èrò, tó wo olórin, tó padà sílé, tó sì ń ròyìn ohun tó rí láti ìgbà náà. Àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní lọ́kàn, àwọn tó wà ní Shea Stadium, ní Newport, ní Manchester, ní Harlem, ní Bethel àti ní Altamont láàárín 1960 sí 1969. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ti kú, àwọn tó kù sì ń kú lọ. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀rí gidi ni ìrántí wọn, àti pé ibi tí ìrántí náà bá ti yà kúrò lára fíìmù àti àwo orin gan-an ni ó ti wúlò fún wa jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ àwọn tó ń tako èrò yìí kalẹ̀ bó ṣe lágbára tó. Àjọ̀dún orin Woodstock wáyé lórí oko màlúù Max Yasgur ní Bethel, ní ìpínlẹ̀ New York, láti ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1969. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ jù ni pé èrò tó wá lé ní 400,000. Jimi Hendrix ló kọrin kẹ́yìn, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ló sì tó gun orí ìtàgé. Nígbà yẹn, apá tó pọ̀ jù nínú èrò ti lọ. Ebi ti pa wọ́n, òjò ti lù wọ́n, oko ti di ẹrẹ̀, iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n nílé. Síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Woodstock bá ti délẹ̀, Hendrix ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ síbẹ̀. Fíìmù Michael Wadleigh, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1970, ló gbìn ín sí wọn lọ́kàn. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar, ó sì kárí ayé. Janis Joplin àti ẹgbẹ́ Creedence Clearwater Revival kọrin ní Bethel, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò sí nínú fíìmù yẹn nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé wọ́n débẹ̀. Joni Mitchell ló kọ orin tó sọ Woodstock di ohun àlá fún ìran náà, bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ oko Yasgur nígbà àjọ̀dún náà. Ìlú New York ló wà nítorí ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ́ kópa nínú rẹ̀. Alátakò á wá bi mí pé: ìrántí ta ni èyí? Ṣé ti ẹni tó jókòó nínú ẹrẹ̀ ni, àbí ti ẹni tó jókòó ní ilé sinimá?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì ní fò ó. Mo gbà pé tí olùwòran bá sọ ohun tí fíìmù sọ, tó sì tò ó bí fíìmù ṣe tò ó, kò sí ẹ̀rí tuntun níbẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá ka ìwé kan náà kí wọ́n tó wọ kóòtù, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni adájọ́ ní, bó tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí èmi àti àwọn alátakò ti pínyà ni ohun tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé e: pé nígbà tí ìrántí àti fíìmù bá takora, fíìmù ló máa ń jàre. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, Shea Stadium sì ni ẹ̀rí mi.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1965, àwọn Beatles kọrin ní pápá eré bọ́ọ̀lù yẹn ní ìlú New York níwájú nǹkan bí 55,600 ènìyàn. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn olórin dé etí irú èrò bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá wọn jáde kò ju 100 wáàtì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ pápá eré tí wọ́n fi ń kéde orúkọ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n sì gbé ohùn orin sí. Àwọn ọmọdébìnrin ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn Beatles fúnra wọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń sọ pé igbe ni àwọn gbọ́, àwọn kò gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fíìmù tí wọ́n ṣe nípa ọjọ́ náà fún tẹlifíṣọ̀n á gbọ́ ohùn tó já gaara. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn Beatles wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní London, wọ́n sì tún àwọn orin kan kọ kí wọ́n lè fi bo ohùn tí kò dára. Ní ti orin “Act Naturally”, orí àwo tí wọ́n ti gbé jáde tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Òpìtàn tó bá gba fíìmù gbọ́ á sọ pé àwọn ọmọdébìnrin yẹn ń sọ àsọdùn. Àwọn ni wọ́n sọ òótọ́. Ìwé ìròyìn kò sì dúró sójú kan ju fíìmù lọ: ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, àwọn olóòtú New York Times bu ẹnu àtẹ́ lu Woodstock gidigidi, ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ wọn ti rọ̀. Bí a bá fẹ́ fi ìyípadà ohùn dá olùwòran lẹ́bi, a ó dá ìwé ìròyìn lẹ́bi ṣáájú rẹ̀, nítorí ọdún púpọ̀ ni ohùn olùwòran fi yí, ti ìwé ìròyìn kò ju òru kan lọ.

Ti Harlem ló dùn mí jù. Ní ọdún tí Woodstock wáyé gan-an, láti ìparí oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin ní Ọjọ́ Àìkú mẹ́fà ní Mount Morris Park, tí à ń pè ní Marcus Garvey Park báyìí. Stevie Wonder wà níbẹ̀, Nina Simone wà níbẹ̀, Mahalia Jackson, Sly and the Family Stone àti Hugh Masekela ọmọ South Africa náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó wá ní ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó 300,000 lápapọ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Hal Tulchin ya nǹkan bí ogójì wákàtí àwòrán, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, àwòrán náà sì wà nílẹ̀ fún bí àádọ́ta ọdún kí Ahmir Thompson, tí gbogbo ayé ń pè ní Questlove, tó fi ṣe “Summer of Soul” ní 2021. Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn ró ní gbogbo àárín ọdún wọ̀nyẹn? Ìrántí àwọn tó wà níbẹ̀ ni ó ṣe bẹbẹ jù. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ kékeré nígbà náà wà nínú fíìmù náà. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán hàn án, omi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó ti ń ṣiyèméjì bóyá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń sọ pé kí a fi fíìmù ṣe òṣùwọ̀n ìrántí gbàgbé pé owó ló ń pinnu ohun tí fíìmù máa fi hàn, àti pé ní Amẹ́ríkà ọdún 1969, owó kò wá sí Harlem.

Àmọ́ ìyàtọ̀ mìíràn wà tí kò rí báyìí, níbi tí olùwòran ti ṣì í gbangba. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1969, ní Altamont ní California, àwọn Rolling Stones ṣe eré ọ̀fẹ́ fún bí 300,000 ènìyàn, wọ́n sì fi ìṣọ́ ìtàgé lé àwọn Hells Angels lọ́wọ́, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin alálùpùpù. Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀bẹ gún Meredith Hunter, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógún, ó sì kú. Fíìmù “Gimme Shelter” fi hàn pé orin “Under My Thumb” ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn oníròyìn, ń sọ pé orin “Sympathy for the Devil” ni. Kí ni òpìtàn yóò fi irú àṣìṣe yìí ṣe? Alessandro Portelli, onímọ̀ ará Ítálì, ti fún wa ní ìdáhùn. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ní Terni lẹ́nu wò nípa Luigi Trastulli, tí ọlọ́pàá pa ní 1949 nínú ìwọ́de lòdì sí wíwọlé Ítálì sínú NATO. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé 1953 ni ó kú, nígbà tí wọ́n lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò níṣẹ́. Portelli kò da ọ̀rọ̀ wọn nù. Ó fi hàn pé wọ́n gbé ikú náà sí ibi tí ó ti lè ní ìtumọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Altamont. Orin tó dá lórí Èṣù àwọn Kristẹni ni àwọn ènìyàn fà mọ́ ikú yẹn nítorí wọ́n gbà pé ibi kan ti wọ àárín ìran wọn lọ́jọ́ náà, kò sì sí kámẹ́rà tó lè ya ìgbàgbọ́ yẹn. Fún ẹjọ́ ìpànìyàn, fíìmù ló yẹ kí adájọ́ wò, wọ́n sì wò ó ní kóòtù lóòótọ́. Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ṣe dágbére fún àkókò náà, àṣìṣe yẹn níye lórí ju àwòrán lọ.

Ti Bob Dylan náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1965, níbi àjọ̀dún orin ní Newport, ó gbé gìtá oníná jáde níbi tí wọ́n ti ń retí orin ìbílẹ̀ pẹ̀lú gìtá lásán, àwọn kan sì pariwo. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò fẹnu kò lórí ìdí rẹ̀ títí di òní: àwọn kan ní gìtá náà ló bí àwọn nínú, àwọn kan ní ohùn kò já gaara, àwọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, àwọn kan ní orin mẹ́ta péré ló kọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó kúrò. Ní Manchester, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1966, ẹnìkan pè é ní Júdásì láàárín èrò. A gbọ́ ọ nínú téèpù, téèpù kan tí àwọn tó ń tà á ní bòókẹ́lẹ́ fi pe ọjọ́ náà ní ti Royal Albert Hall ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún! Ọkùnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde wá lẹ́yìn náà tí wọ́n ní àwọn ni. Àwọn kan rò pé èyí ba ẹ̀rí olùwòran jẹ́. Ojú tí mo fi ń wò ó yàtọ̀: téèpù fi hàn pé ẹnìkan kígbe, àwọn méjì yìí sì fi hàn pé ìbínú náà kì í ṣe ti ẹnìkan, débi pé ó ju ẹyọ kan lọ tó lè gba igbe náà sí ara rẹ̀.

Ẹ̀sùn kan ṣì kù, òun ló nira jù lójú mi. Àwọn tó ń ròyìn ni àwọn tó fẹ́ràn ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá padà lójú ọ̀nà Bethel, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó bínú kúrò ní ọjọ́ kejì, wọn kì í wá jókòó síwájú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Òótọ́ ni. N kò rí ìdáhùn mìíràn ju pé kí a wá wọn lọ. Àwa ọmọ Yorùbá kò sì níláti bẹ̀rù iṣẹ́ yìí, nítorí lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà ni Samuel Johnson ti gba púpọ̀ nínú ìtàn àwọn Yorùbá tó kọ parí ní 1897. Ìyàtọ̀ wà o. Arọ́kin kọ́ṣẹ́, ààfin ló ń bọ́ ọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà nítòsí láti tún un ṣe tó bá ṣì í. Olólùfẹ́ orin kò kọ́ṣẹ́ ìrántí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Fún ìdí èyí, kò ṣeé gbára lé tó arọ́kin nínú ọjọ́ àti orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ọba tó ń darí ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀rí yìí sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé ohun ìrántí tí wọ́n ṣí ní Bethel Woods ní 2008, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí Hendrix. Kó bèèrè bí wọ́n ṣe débẹ̀, ohun tí wọ́n jẹ, ta ni ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti wákàtí tí wọ́n kúrò. Àpẹẹrẹ kan wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, ẹgbẹ́ Santana gun orí ìtàgé, nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ kò tíì jáde. Orin “Soul Sacrifice” ni fíìmù mú, òun sì ni gbogbo ayé rántí. Àmọ́ wọ́n kọ “Jingo” náà lọ́sàn-án yẹn, orin Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, tó wà nínú àwo rẹ̀ “Drums of Passion” ti ọdún 1960. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àwo yẹn ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà. Ohùn ọ̀sán náà ti wà nínú àwo báyìí, ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ. Ohun tí àwo kò lè sọ ni iye ẹni tó gbórí sókè nínú oko yẹn nítorí pé wọ́n ti mọ ìlù náà tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àti ẹni tí wọ́n rò pé ó ni ín. Àwọn tó jókòó sórí koríko Yasgur nìkan ni wọ́n lè dáhùn, àwọn kan nínú wọn sì ṣì wà láàyè tí a lè bi léèrè.