Mo Dá Láptọ́ọ̀pù Mi Padà sí Windows 10: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Èmi nìkan ni mo wà níbí lónìí, kò sí àlejò. Ẹni tó ń gbọ́ wa nínú gòslóò ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ń bi mí pé kí ló dé tí a ò gbé ètò kankan jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láptọ́ọ̀pù ló fà á. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe yọ Windows 11 kúrò, tí mo padà sí Windows 10, àti bí ó ṣe ku díẹ̀ kí n pàdánù ohùn ìyá bàbá mi.

Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà. RAM 4GB, hádì dísìkì àtijọ́ tó ń yí, kì í ṣe SSD. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀ nígbà tí mo rà á, a sì jọ ń fara dà á. Ọjọ́ kan ló ní kí n wá gba Windows 11 lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni kì í fẹ́ ọ̀fẹ́? Mo tẹ̀ ẹ́.

Microsoft sọ pé 4GB ni RAM tó kéré jù tí Windows 11 lè gbà. Òótọ́ ni, àmọ́ pé èèyàn ráàyè wọ yàrá kan kò ní kó ráàyè na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá tan án, mo lè lọ ra búrẹ́dì ní Mowe kí n sì padà dé, kó ṣì máa yí. Bí mo bá ṣí Audacity láti gé ohùn, gbogbo ẹ̀ á dì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún èèyàn láti padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ Recovery, ẹ máa rí Go back. Láàárín ọjọ́ yẹn, Windows àtijọ́ ṣì wà nínú àpò kan tó ń jẹ́ Windows.old. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa á rẹ́ fúnra ẹ̀. Èmi ò mọ̀ títí oṣù méjì fi kọjá. Ó wá ku ọ̀nà kan: ká nu gbogbo ẹ̀, ká gbé Windows 10 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ibafo. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ti kó ẹrù inú ẹ̀ jáde? Tí mo bá ti fọ́ọ̀mátì, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́ o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo na fláàṣì mi sí i.

Nínú ẹrù yẹn ni ohùn ìyá bàbá mi wà. Mo lọ bá wọn ní Ifo lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tó lé ní wákàtí kan ni wọ́n fi sọ bí wọ́n ṣe ń ta oúnjẹ fún èrò ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí Ifo jẹ́ oríta tí ojú irin ti ń yà lọ sí Ìlaròó àti Idogo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lọ. Inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ni ohùn náà wà.

Ọ̀gá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló ki fláàṣì mi bọ kọ̀ǹpútà míì, ó ní, “Àǹtí, 2KB 2KB ni àwọn fáìlì yín yìí o.”

2KB! Ohùn wákàtí kan! Shortcut ni mo kó, àwọn tó ní ọfà kékeré lára lórí Desktop. Mo mú àdírẹ́sì ilé dání, mo rò pé ilé ni mo gbé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Fáìlì gan-an wà nínú Documents. A kó o, a sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà kejì. Ìyá àgbà ń fi oríkì mi pè mí. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín, kí ẹ sì ṣí i lórí ẹ̀rọ míì. Èkejì, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ló ti fi BitLocker ti dísìkì wọn pa. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ètò BIOS, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ wá fláàṣì 8GB tó ṣófo, kí ẹ gba Media Creation Tool lórí ìkànnì Microsoft fúnra wọn. Ó ń jẹ dátà, ẹ fi dátà òru gbà á. Ẹ má gba Windows tí ẹnì kan ń pín lórí Telegram. Ẹ ò mọ ohun tó fi sí i. Tó bá béèrè product key, ẹ ní ẹ ò ní. Tí Windows 10 tó ní ìwé àṣẹ bá ti wà lórí ẹ̀rọ náà rí, tí ẹ sì mú irú kan náà, Home tàbí Pro, á dá yín mọ̀ tí ẹ bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba bátìrì kún. Ẹ mọ ìwà iná wa.

Ṣé ó wá dáa? Audacity ti ń ṣí, mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ní 14 oṣù kẹwàá, 2025, Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Àfikún ọdún kan tí wọ́n ń pè ní ESU wà, títí di 13 oṣù kẹwàá, 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tí kò ní ọlọ́dẹ mọ́ ni. Ẹ má fi ṣe ìdí láti máa tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí báǹkì yín síbẹ̀.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ padà sẹ́yìn. Nígbà tí Vista dé ní 2007, ọ̀pọ̀ èèyàn ló padà sórí XP tó ti wà láti 2001. Wọ́n sinmi díẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n ṣí lọ náà ni. Èmi náà ń tọ́jú owó SSD àti RAM.

Títí dìgbà náà, ẹni tó bá ní ohùn àgbà kan lórí fóònù ẹ̀, kó dá a sí ibi méjì lálẹ́ òní. Kó sì ṣí i, kó gbọ́ ọ. Ó dìgbà kan ná.