Ẹni Tó Tún Padà Sí Bárékè

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ báǹkì mọ iye tí gbọ̀ngàn yìí gbà lọ́wọ́ wa, nítorí náà n kò ní í jẹ́ kí oúnjẹ tutù.

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ tó dá ariwo sílẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Àbúrò ọ̀kan nínú wa ti ṣe ṣọ́jà rí fún ọdún mẹ́fà. Ó dé ipò kọ́pírà, ó kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ sí yunifásítì, ó gboyè. Ní báyìí ó ní òun fẹ́ padà, kí wọ́n gba òun gẹ́gẹ́ bí ọ́físà, láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ gan-an, àwọn tó ń fẹsẹ̀ wọ igbó. Ìyá wọn ní Mushin ní tí òun bá ṣì wà láyé, kò ní í ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá béèrè ohun tí òun lè sọ. Àwọn kan nínú wa ní ayé ló ń ṣe ọmọ náà. Àwọn kan ní kó wá iṣẹ́ báǹkì, wọ́n wá ń wo ojú mi.

Kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Babáfẹ́mi Ògúndípẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Àgọ́-Ìwòyè, wọṣẹ́ ṣọ́jà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Ọ̀dọ́ ni nígbà yẹn. Wọ́n kó wọn lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànù jà. Gbogbo wa là ń gba Ìgbóbì kọjá. Nítorí àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun yẹn ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀ ní 1945. Ohun tí ogun ń fi ọmọ ènìyàn ṣe, Ògúndípẹ̀ rí i. Ogun parí, ó sì tún padà wọṣẹ́ náà.

Kí ló ń padà lọ bá? Nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, òyìnbó ni gbogbo ọ́físà tó wà lórí wọn. Ó di 1948 kí ọmọ Nàìjíríà kan, Victor Ugboma, tó di ọ́físà. Kò sí ẹni tó ṣèlérí kankan fún Ògúndípẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n ti sọ òun náà di ọ́físà, nígbà tó sì di 1964, Bìrìgédíà ni. Adékúnlé Fájuyì náà gòkè láti ìsàlẹ̀, ó wọlé ní 1943, ó di ọ́físà ní 1954, àmọ́ ìyẹn kò kúrò níbẹ̀ rárá.

Ẹni tó padà yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́. Bí ọgbọ̀n ọkùnrin ni wọ́n ń kó lé ọ́físà kékeré lọ́wọ́ láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn dàgbà jù ú lọ. Ẹni tó ti gbé ẹrù yẹn lẹ́yìn rí mọ ìgbà tí ṣọ́jà bá sọ pé ó ti rẹ òun tí òótọ́ sì ni, ó sì mọ ìgbà tó bá ń purọ́. Ohun tó tún máa ń dùn wọ́n ni pé ẹni tí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan lánàá máa ní láti kí wọn bí ọ̀gá lónìí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níyẹn.

Àwọn tó ní torí owó ló ṣe fẹ́ lọ, ẹ dákun. Báǹkà kì í sọ ohun tó wà nínú àkáǹtì oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́.

Ipò náà kì í sì í ṣe odi. Ní oṣù keje 1966, Ògúndípẹ̀ ni igbákejì Aguiyi-Ironsi. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà dìtẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ó pàṣẹ ní Èkó níbí, wọ́n kọ̀. Wọ́n fi í ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù kọkànlá 1971. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín.

Ìyá tó wà ní Mushin náà mọ ohun tó ń sọ. Nígbà àkọ́kọ́, kò mọ̀ nǹkan kan, ó súre fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọdún mẹ́fà gbọ́ ìròyìn Borno lórí rédíò, tí fóònù ọmọ kò sì lọ. Òun náà ń padà sí bárékè ni, àmọ́ wọn kò fún un ní ipò kankan níbẹ̀. Ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan mọ́.

Èrò tèmi ni pé bí ọjọ́ orí bá gbà á, kó lọ. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Tàwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí ti kọjá tipẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kó má rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò níbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti kà á, ó mọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni èmi àti Alága máa tẹ̀ lé e lọ sí Mushin. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kó tó kúrò níbí.