Ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀: ibo ló yẹ kó rì dé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú àti ní Ìlàjẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ní èbúté, ẹ máa gbọ́ ọ pé bí ẹ́ńjìnì bá ṣe rì tó ló ṣe ń lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá rì jù ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ni: omi á máa ta sókè nídìí ọkọ̀, epo á sì máa run. Ẹ sì mọ iye tí à ń ra epo.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì yín. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpélà. Òun la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ́ńjìnì dúró ṣánṣán, kí ẹ sì fi pákó gígùn tó tọ́ lé abẹ́ ọkọ̀ kó yọ dé ẹ̀yìn. Kí irin yẹn ṣe déédéé pẹ̀lú pákó náà, tàbí kó fi nǹkan bí ìńṣì 1 ga jù ú lọ.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wọn pákó ìdí ọkọ̀ yín. Nǹkan bí ìńṣì 15 ni ti ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, 20 ni ti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Bí ẹ bá gbé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lé pákó ìńṣì 15, gbogbo kùkùté tó wà nísàlẹ̀ omi ló máa kọlù.

Èyí tó ga jù ló ń bà mí lẹ́rù ní tèmi. Pùròpélà á máa fa afẹ́fẹ́, pàápàá bí ẹ bá ń yí tàbí bí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì á máa han gooro, ọkọ̀ ò ní lọ. Ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa omi tó ń tù ú lára kò sì jìnnà síbẹ̀. Bó bá fa afẹ́fẹ́ dípò omi, ẹ́ńjìnì á gbóná, ó sì lè kú láàárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ẹ máa wo omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì bí ìtọ̀ ọmọdé. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì. (Ọ̀rá àti ewé náà máa ń dí ihò yẹn o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tú bóòtù kankan.)

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ dán an wò lójú omi, pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé gan-an. Ọkọ̀ òfìfo máa ń tanni jẹ. Ọkọ̀ fáíbà tó ń sáré, kí irin náà máa hàn fẹ́rẹ́ lójú omi. Ọkọ̀ onípákó tó wúwo, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ omi. Ihò bóòtù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa sún un lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ́ńjìnì kékeré tí kò ní ihò bóòtù, pákó líle ni kí ẹ fi gbé e sókè, kì í ṣe gígé táyà. Kí ẹ so ṣéènì mọ́ ọn, kí ẹ sì máa tún ìdè rẹ̀ fún láràárọ̀, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì máa ń tú u.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pùròpélà tó ti jẹ létí la ó yẹ̀ wò.